Àsansílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Nípa Àdúrà Tí Kò Gbà Bí Mo Ṣe Fẹ́

  Mo mọ̀ pé inú dáńfó tàbí BRT ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti máa ń gbọ́ ètò yìí, tí ẹ ti ki nǹkan bọ etí, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí ẹ ń gbọ́. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tòní kò ní ariwo nínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa fi ìbéèrè ránṣẹ́. Arábìnrin náà ní òun gbàdúrà fún bàbá òun fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Ó gbààwẹ̀, ó lọ sórí òkè, ó fi owó oúnjẹ wọkọ̀ lọ síbi ìṣọ́ òru. Bàbá kú. Ó wá béèrè pé: "Ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ ni, àbí ó gbọ́, kò kàn fẹ́ dáhùn?"

Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ òmíràn, mo tún pa á rẹ́. Ìdí ni pé ìbéèrè tèmi náà nìyẹn fún odidi ọdún kan, mo sì ń jókòó síwájú máíkì yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni tí kò ní ìbéèrè kankan. Nítorí náà, lónìí, mo fẹ́ sọ ohun tí mi ò tíì sọ lórí ètò yìí rí. Mo fẹ́ sọ bí ìyá mi ṣe kú, àti ohun tí mo gbà gbọ́ báyìí.

Aṣọ ni màmá mi ń tà, ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn. Àǹkárá, léèsì, gèlè. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ rí aṣọ tó wù yín, owó ò pé lọ́wọ́. Ẹ ó san díẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á ká aṣọ yín sọ́tọ̀, á kọ orúkọ yín sínú ìwé. Àsansílẹ̀ nìyẹn. Màmá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀, aṣọ ti di tirẹ̀, ọjọ́ tó máa gbé e lọ nìkan ni kò tíì pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Mo máa padà sórí ẹ̀.

Nígbà tí kíndìnrín wọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà ní kí wọ́n máa wá sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ̀rọ máa bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn yìí bá ti kàn rí mọ̀ pé owó ńlá ni, owó tí kò sì ní òpin. Èkó ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà n'Íbàdàn pẹ̀lú wọn. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, nítorí náà a kì í sọ "ẹ" síra wa. Òun ló ń gbé wọn lọ, tó ń gbé wọn bọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni àdúrà. Mo dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀ lórí WhatsApp, àwa mẹ́tàlélọ́gọ́ta la wà níbẹ̀, aago méjìlá òru la máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yẹn ní òun ríran. Ó ní kí oṣù yẹn tó parí, kíndìnrín màmá yóò di tuntun. Mo gbà á gbọ́. Mo rọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní kí a ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, kí a fi owó rẹ̀ ṣètò kíndìnrín mìíràn fún màmá. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà nínú ìwé ilẹ̀ náà, kò lè dá a tà. Mo ní rárá. Mo ní kí ló dé tí a ó fi ta ogún bàbá wa nítorí àìsàn tó máa lọ lópin oṣù. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní aláìgbàgbọ́. Oṣù parí, kò sí ìyàtọ̀. Mo tún ní kí a mú sùúrù díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo fi máa fọwọ́ síwèé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lọ. Ìyá mi kú kí ẹni tó ń ra ilẹ̀ náà tó sanwó tán.

Dókítà sọ fún mi pé ara wọn ti le jù fún iṣẹ́ abẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Èmi náà, lóòótọ́, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ì bá yí nǹkan padà. Mi ò lè mọ̀ ọ́n láyé yìí. Níbi ìsìnkú, ọ̀tọ̀ ni ibi tí èmi dúró sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ẹ̀gbọ́n mi dúró sí. Ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi kí ó tó wọ ọkọ̀: "O ti gbàdúrà tán àbí?" Lẹ́yìn ìyẹn, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, nítorí bóyá ẹnìkan wà níbi tí mo wà nígbà náà. Ẹ má fi àdúrà dí ọ̀nà oògùn. Ẹ lọ ka 2 Àwọn Ọba orí 20. Ọlọ́run ti ṣèlérí fún Hesekáyà ọba pé òun yóò wò ó sàn, pé òun yóò fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, Aísáyà wòlíì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo ọba. Ìlérí wà níbẹ̀, oògùn sì wà níbẹ̀. Màmá mi mọ èyí jù mí lọ. Nígbà tí ẹnìkan ní kí wọ́n má lọ sídìí ẹ̀rọ yẹn mọ́ kí ìgbàgbọ́ wọn lè hàn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Ẹni tó dá mi náà ló dá dókítà."

Lẹ́yìn tí wọ́n kú, mi ò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Mo ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká dìde ká gbàdúrà, mo máa ń la ojú sílẹ̀, mo máa ń wo fáànù bó ṣe ń yí. Àwọn ènìyàn wá tù mí nínú. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù. Àwọn kan ní Ọlọ́run ní èsì mẹ́ta: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, àti dúró ná. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n létí mi lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ló dà bí èsì tí báǹkì máa ń fi ránṣẹ́ síni.

Ẹnìkan tiẹ̀ ní ìgbàgbọ́ wa ló kéré. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ ìyẹn fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Nínú 2 Kọ́ríńtì orí 12, Pọ́ọ̀lù ní ìgbà mẹ́ta lòun bẹ Olúwa pé kó yọ ẹ̀gún kan kúrò lára òun. Ẹ̀gún náà ò kúrò. Jésù fúnra rẹ̀ dojú bolẹ̀ nínú ọgbà Gẹtisémánì, ó bẹ Baba rẹ̀ pé bó bá lè ṣeé ṣe, kí ago yẹn ré òun kọjá. Kò ré e kọjá. Ṣé a máa wá sọ pé ìgbàgbọ́ Jésù ló kéré?

Ibi tí Bíbélì ti kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ padà ni ìtàn Dáfídì, nínú 2 Sámúẹ́lì orí 12. Ọmọ Dáfídì ń ṣàìsàn. Ọba dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán, kò jẹun, ó ń bẹ Ọlọ́run. Lọ́jọ́ keje, ọmọ kú. Ẹ̀rù ń ba àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ láti sọ fún un, wọ́n ní kó má lọ ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Nígbà tó gbọ́, ó dìde. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wọ ilé Olúwa lọ, ó jọ́sìn. Ó wá padà sílé, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ó ṣàlàyé fún wọn pé nígbà tí ọmọ ṣì wà láàyè, òun rò pé bóyá Olúwa lè ṣàánú. Ní báyìí tó ti kú, òun ò lè mú un padà. Òun lòun ń bọ̀ wá lọ bá a lọ́jọ́ kan, òun kọ́ ni yóò padà wá bá òun.

Mo ka ibẹ̀ lórí fóònù mi, mo pa fóònù náà dé. Ọkùnrin kan gba "rárá" gbọ̀ngbọ̀n lẹ́nu Ọlọ́run, ó sì ṣì lè wọ ilé Ọlọ́run yẹn lọ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó sì gbé e dìde ni pé ọ̀nà ṣì wà láàárín òun àti ọmọ náà. Ó kàn jẹ́ pé òun ló máa rin ọ̀nà ọ̀hún.

Àwa Yorùbá mọ ìrora yìí. Òun ló wà nínú orúkọ bíi Babátúndé, Ìyábọ̀, Yétúndé. Ìfẹ́ ló sọ orúkọ wọ̀nyẹn: ẹni tó lọ, kó jọ̀ọ́, kó yà sọ́dọ̀ wa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun fún mi lónìí tí wọ́n ní ìyá mi ló dé, mo máa gbé ọmọ náà mọ́ra, mo sì máa ṣì máa wá ìyá mi. Àwọn gan-an ni mo ń wá. Èyí tó mọ orúkọ mi, tó mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìyá àti ọmọ mìíràn fún yín. Ní ọdún 1821, ogun wọ ìlú Òṣogùn. Wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ mìíràn. Wọ́n pín wọn níyà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí. Ní 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sierra Leone, ibi tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Níbẹ̀ ló ti di Kristẹni. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, ó di Samuel Ajayi Crowther. Ẹ mọ ìyókù: òun ló wá di bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, tó sì ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè tí mò ń sọ yìí.

Ṣùgbọ́n kó tó di bíṣọ́ọ̀bù, ní 1846, ó ti di àlùfáà, ó dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, obìnrin kan wá a wá. Ìyá rẹ̀ ni. Ọdún 25 ti kọjá. Crowther ti gbà pé òun ò tún ní rí ìyá òun mọ́. Nínú ìwé ìrántí tí Crowther kọ, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnì kankan ò lè sọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú ìyá. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ọgbọ́n òun ló pa àwọn pọ̀. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì nìyẹn, obìnrin tó gbàdúrà ní Ṣílò títí tí àlùfáà fi rò pé ọtí ló ń pa á.

Nígbà tí inú mi ṣì bàjẹ́, mo ka ìtàn yìí, inú sì bí mi. Mo ní, Olúwa, O fún Crowther ní ìyá tiẹ̀ padà, tèmi wá ńkọ́? Mo wá tẹ̀síwájú nínú ìtàn náà. Bàbá rẹ̀ kò bá ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ yẹn, ogun ti pa á. Ìyá náà kú ní 1883. Crowther fúnra rẹ̀ kú lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1891. Ọjọ́ ìpàdé tó dùn tó báyẹn, ó ní ọjọ́ ìpínyà tó ń dúró dè é.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Hesekáyà gba ọdún 15. Ọdún 15 pé, ó kú. Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì kí Jésù tó pè é jáde. Ó padà sílé, ó jẹun, ó sì tún kú lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọ opó Náínì tún kú. Ọmọbìnrin Jáírù tún kú. Gbogbo ẹni tí Jésù wò sàn pátá, kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́ kù. Bí ìdáhùn àdúrà bá parí sí ayé yìí, a jẹ́ pé èyí tó dára jù nínú wọn, ńṣe ló kàn sún ọjọ́ síwájú. Pọ́ọ̀lù mọ èyí. Ó sọ ọ́ nínú 1 Kọ́ríńtì orí 15 pé bó bá jẹ́ fún ayé yìí nìkan la ṣe ní ìrètí nínú Kristi, àwa ló yẹ kí wọ́n káàánú jù lọ.

Àwọn àgbà wa ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, lórí káàdì ìsìnkú, lẹ́yìn ọkọ̀. Ọjà gan-an ló wá là mí lóye.

Oṣù keje lẹ́yìn ikú màmá, onílé ṣọ́ọ̀bù ní Gbági pè wá pé kí a wá kó ẹrù kúrò. Ó pe èmi, ó pe ẹ̀gbọ́n mi. A pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè bí àjèjì méjì. A ṣílẹ̀kùn. Òórùn aṣọ tuntun àti ataare tí wọ́n máa ń jẹ kọlù wá. Nínú dúrọ́ọ̀ ni a ti rí ìwé wọn, ìwé fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan báyìí tí wọ́n fi rọ́bà so. Orúkọ mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀ tó ti san àsansílẹ̀ tí kò tíì gbé aṣọ.

Bí a ṣe ń kà wọ́n lọ́wọ́, obìnrin kan wọlé. Ó ti san ₦15,000 sílẹ̀ lórí léèsì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé màmá ti kú. Nígbà tí a sọ fún un, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún. Mo mọ̀ pé nítorí màmá ló ṣe sunkún, mo sì mọ̀ pé díẹ̀ nínú ẹkún náà wà nítorí owó rẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere," ó fẹ́ máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dúró ná. Ó ṣí ìwé, ó rí orúkọ. Ó gun àga, ó fa ẹrù kan jáde lókè pátápátá, bébà kékeré wà lára rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ obìnrin náà, ìkọ̀wé màmá mi. Obìnrin náà ní, "Ìyá yín ti kú, ẹ tún ń fún mi láṣọ?" Ẹ̀gbọ́n mi ní: "Orúkọ yín wà nínú ìwé, mà."

Mo jáde síta. Mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́lọ́fín kan níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Nínú Éfésù orí 1, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ ohun tí Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ fún wa, ọ̀rọ̀ kan ló lò lédè Gíríìkì: arrabon. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Owó tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ san ni, tó fi hàn pé ìyókù ń bọ̀. Àsansílẹ̀. Ọlọ́run ló sì san án fún wa. Gbogbo àdúrà tó ti gbà fún wa rí, iṣẹ́ tí a rí, ìbà tó lọ, ọmọ tó dé, àlàáfíà tó bà lé wa lọ́kàn níbi tí kò yẹ kó ti wà, mo ti rí i báyìí pé àsansílẹ̀ ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tó jẹ́ odidi aṣọ. Odidi aṣọ ni àjíǹde. Èyí tó sì fún mi ní ìdánilójú ni pé Ẹni tó ṣèlérí rẹ̀ kú lóòótọ́, wọ́n sin ín lóòótọ́, ó sì jíǹde lọ́jọ́ kẹta. Ìwé rẹ̀ ò sọnù, orúkọ wa ò sì pa rẹ́ nínú rẹ̀.

Bíbélì ò sì sọ pé ìyá mi á máa fò kiri bí èéfín. Nínú Lúùkù orí 24, Jésù tó jíǹde jẹ ẹja níwájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú Jòhánù orí 20, Màríà Magidalénì rò pé ọlọ́gbà ni. Ìgbà tí Jésù dárúkọ rẹ̀ ló tó mọ̀ ọ́n. Ohùn kan náà ni. Ohun tí mò ń retí nìyẹn, kí ẹni tí mo mọ̀ pe orúkọ mi lọ́nà tí mo mọ̀.

Ó ku apá kan nínú ìtàn yìí, òun ló nira jù láti sọ.

Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi voice note ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú méje, oríkì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àmín ni wọ́n fi ń parí. Tèmi náà ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀. Mo máa ń dáhùn "Àmín mà" láìtẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí a ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi bi mí, láìwojú mi, "Ǹjẹ́ o ṣì ní ohùn màmá?" Wọ́n ti jí fóònù tiẹ̀. Mo ṣí WhatsApp. Méjìdínlógójì ló wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí. Èmi tí mò ń kó ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta jọ láàjìn láti gbàdúrà fún wọn, mi ò ráyè gbọ́ àdúrà tí wọ́n ń gbà fún mi.

A jókòó sáàárín aṣọ, a tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, a ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn. "Àjàní ọkọ mi," wọ́n kí mi, wọ́n sinmi díẹ̀. Wọ́n wá gbàdúrà. Wọ́n ní kí Olúwa ṣe ìfẹ́ rẹ̀ lórí àwọn. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ikú mi tú àwọn ọmọ méjì yìí ká. Jẹ́ kí wọ́n ṣì jọ máa jẹun." Wọ́n wúkọ́. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó jáde. Mo rò pé ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tó yá, ó padà wọlé, ó gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì dání nínú ọ̀rá. Abọ́ kan ṣoṣo la rí. Ó ní, "Wọ́n ní ká jọ jẹun." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un sáàárín aṣọ yẹn, mo tọrọ àforíjì nítorí ilẹ̀, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i. Ó ní kí n dìde, ọbẹ̀ á tutù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé Ọlọ́run mú ìyá mi lọ kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lè parí ìjà. Àìsàn yẹn gan-an ló bí ìjà ọ̀hún. Mi ò mọ ìdí tí àdúrà tiwa kò fi gbà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lásìkò tí mo rò pé ọ̀run ti dákẹ́, àdúrà obìnrin kan tó dùbúlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, Ọlọ́run sì dá a lóhùn oṣù méje lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nítorí náà, arábìnrin mi tó béèrè ìbéèrè, èsì mi rèé. Ó gbọ́. Mi ò lè sọ ìdí tí bàbá ò fi dìde lórí ibùsùn yẹn fún ẹ, ẹni tó bá sì ní òun lè sọ ọ́, rọra máa gbọ́ ọ. Sunkún bó bá ń ṣe ẹ́. Jésù tó mọ̀ pé òun máa tó jí Lásárù dìde, òun náà sunkún. Bínú sọ́dọ̀ Ọlọ́run, má bínú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ àdúrà rẹ kò ṣègbé. Bàbá wà lọ́wọ́ Ẹni tí ò ń bẹ̀, ọ̀nà sì wà láàárín ìwọ àti bàbá. Àsansílẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí a ó gbé aṣọ ni kò tíì pé.

Ẹ̀yin tó kù, tí ìyá àti bàbá yín ṣì wà, mo bẹ̀ yín, lẹ́yìn tí ètò yìí bá parí, ẹ wọ WhatsApp lọ. Ẹ wá voice note tí ẹ fi "Àmín mà" dáhùn láìgbọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ wá pè wọ́n.

Bí ẹ bá mọ ẹnìkan tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá a jókòó ná. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlọ́run á pa wá mọ́ o.